Ibi Tí Irin Yóò Ti Tẹ̀

Lọ́dún yẹn, kí bàbá àgbà mi tó gbé òòlù, yóò kọ́kọ́ jókòó sórí ògbólógbòó táyà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, yóò máa wo òòlù náà bí ẹni ń wo òkè tó fẹ́ gùn. Ọdún mọ́kànlélógójì ló ti fi ń ṣe apá jíìpù ní Passu, abúlé kan láàárín àwọn òkè gíga, níbi tí ọ̀nà Shimshal ti yà kúrò lára títì ńlá. Àárẹ̀ tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe èyí tí oorun lè wò sàn. Daulat Amin lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ustad ni àwọn awakọ̀ ń pè é, bí a ti ń pe ọ̀gá nídìí iṣẹ́ ọwọ́.

Apá tí mò ń wí ni irin gígùn méjì tó wà lábẹ́ iwájú jíìpù, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Orí kan di ọ̀pá táyà mú, orí kejì wọ inú etí irin tí wọ́n jó mọ́ ṣásì, egungun irin tó gbé ọkọ̀ ró. Bí táyà bá gun òkúta, apá yóò jẹ́ kó gòkè kó sì sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kó sá sẹ́yìn. Páìpù ni bàbá àgbà fi ń ṣe tirẹ̀. Ó máa ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ bíi dòjé kí òkúta má baà máa gbá a nínú, ó sì ní ibì kan láàárín rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná kàn. Yóò fi ẹfun fa ìlà síbẹ̀. "Ibí ni yóò ti tẹ̀," ni yóò wí, bí ẹni pé òun àti irin náà ti jọ ṣàdéhùn.

Ó sì máa ń tẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí àwọn awakọ̀ fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́ nìyẹn.

"Ustad, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo bọ́tà yìí," Mehrban wí lọ́jọ́ kan, ó ju apá tó ti ká bí ìgbọ̀nwọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ bàbá. Awakọ̀ ni Mehrban, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó mọ̀ ọ́n rọra sọ. "Ìyàwó mi ní kí n béèrè bóyá ó ṣeé fi jẹ búrẹ́dì."

"Ṣé o délé?" bàbá bi í.

"Mo délé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń fà sósì bí ewúrẹ́ tó rí ọ̀bẹ. Ẹsẹ̀ ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ti ilẹ̀ wálé."

"Bí o bá ti délé, a óò ṣe òmíràn."

"Wọ́n ń ta ọ̀kan nílùú Gilgit báyìí tó nípọn bí itan akọ màlúù. Ti yín, bí mo bá sín, ó ti tẹ̀."

Gbogbo àwọn awakọ̀ tó jókòó rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó fi gíláàsì rẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ló wà.

Èmi wà lẹ́yìn, nídìí ẹ̀rọ ìjórin tí a fi ń lẹ irin mọ́ra, mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. N kì í lè sọ̀rọ̀ lójú àwùjọ. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kò jẹ́ kí n lo ju ọdún méjì lọ nílé ìwé. Ilé ni mo ti kọ́ ohun tí mo mọ̀, lẹ́nu bàbá àgbà àti nínú àwọn ìwé tí Niamat ẹ̀gbọ́n mi ti kà tì. Nígbà tí iná ìjórin ba ojú bàbá jẹ́, èmi ni mo gba iṣẹ́ náà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Inú ìbòjú ìjórin tù mí lára. Kò sẹ́ni tó ń rí ojú ẹni níbẹ̀.

Niamat náà ní jíìpù. Èrò àti ìyẹ̀fun ló ń kó lọ sí Shimshal. Láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni apá ọkọ̀ rẹ̀ ti tẹ̀. Nígbà tó gbé ẹlẹ́ẹ̀kẹta wá, ó rọra tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹni tẹ́ òkú ọmọ ẹyẹ, ó sì bá ẹ̀yìnkùlé jáde kí Mehrban má baà rí i. Bàbá gé páìpù tuntun méjì, ọ̀kan fún ọ̀tún, ọ̀kan fún òsì, ó tẹ̀ wọ́n, ó fa ìlà ẹfun sí wọn, ó ní kí n jó orí wọn, ó wá wọlé lọ dùbúlẹ̀.

Mo ti gbọ́ ìdí ìlà yẹn láti kékeré. "Apá ni kó kọ́kọ́ jẹ ìyà, kí ìyà má dé ọ̀dọ̀ ṣásì." Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rín àwọn awakọ̀ ni mo ń gbọ́. Mo rò pé àwáwí arúgbó ni, arúgbó tí kò lágbára àtitẹ irin tó nípọn mọ́. Páìpù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo gé e sí méjì, mo tì í bọ inú apá kọ̀ọ̀kan, ó sì wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Mo jó ẹnu rẹ̀ pa, mo kùn ún ní dúdú, mo tún ìlà ẹfun fà sórí ọ̀dà náà. Irọ́ ni ìlà yẹn, n kò sì la ẹnu kí n tó pa á.

Lọ́jọ́ kẹta, láàárọ̀, Niamat gbéra pẹ̀lú èrò márùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn ni Ìyá Zaibun, àbúrò bàbá àgbà, tó gbé páálí òròmọdìẹ kan sórí itan.

Bí wákàtí kan lẹ́yìn náà, Mehrban wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń mu tíì wàrà oníyọ̀, ó ń retí kí bàbá di nọ́ọ̀tì kan fún un.

"Bakhtawar," bàbá pè mí, "gbé páìpù kékeré ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn wá. Mo fẹ́ fi tún ẹnu ẹ̀rọ omi ṣe."

"Ó ti tán, Bàbá."

"Kí ló tán an?"

Mo wo ilẹ̀. Irọ́ mẹ́ta ló wá sí mi lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn ló ṣeé gbà gbọ́. Mehrban ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀. Mo ronú nípa ibi tí Niamat yóò ti dé.

"Ó wà nínú apá ọkọ̀ Niamat," mo wí. "Mo tì í bọ inú rẹ̀. Mo fẹ́ kó má tẹ̀ mọ́."

Bàbá kò pariwo. Ó jókòó sórí táyà rẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n kò pẹ́ níbẹ̀ rárá tó fi dìde.

"Mehrban, ọkọ̀ rẹ dà? A ń lọ."

"Ustad, tíì mi ṣì gbóná."

"Mu ún lọ́nà."

Fóònù kì í ṣiṣẹ́ nínú àfonífojì Shimshal. Ká lé e nìkan ló kù. Ọ̀nà náà lẹ̀ mọ́ ara òkè bí okùn tó lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò, odò wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ kan, òkúta wẹ́wẹ́ ń já bọ́ lọ́wọ́ kejì. Èmi wà lẹ́yìn, bàbá jókòó níwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú.

"Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí," ó wí nígbà tó yá. N kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ nínú àwa méjèèjì. "N kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Mo ṣe apá tí kò ní tẹ̀ láé fún ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hasil, mo sì ń fi yangàn. Apá náà gba òkúta, kò tẹ̀. Ìyà kọjá lọ sí etí ṣásì, etí ya, táyà sá sẹ́yìn, ìdarí bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, òun àti ọkọ̀ rẹ̀ já sínú odò. Apá yẹn wà nínú odò yìí di òní. Títọ́ ló tọ́ gbọnrangandan níbẹ̀."

Mehrban da ìyókù tíì rẹ̀ síta, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìdarí mú.

"Ustad, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa láti ọjọ́ yìí?"

"Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín kò sí nínú odò."

A kọjá ahéré Dut tí àwọn èrò ti máa ń sinmi, a gba orí afárá onípákó, a yí igun ọ̀nà kan, a sì rí jíìpù Niamat. Ó dúró. Àwọn èrò jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kà wọ́n, wọ́n pé márùn-ún.

"Ẹ ti dé," ni Ìyá Zaibun fi kí wa. "Ẹ sọ fún ọmọ yín yìí pé etí mi kò tíì di. Ó ti pẹ́ tí nǹkan ti ń ké kín-ín, kín-ín lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo wí fún un, ó ní kò sí nǹkan kan, pé ọkọ̀ òun ò fà sọ́tùn-ún, kò fà sósì. Nígbà tí òròmọdìẹ mi dákẹ́ lójijì, mo ní kó sọ̀ mí kalẹ̀, mo máa fẹsẹ̀ rìn dé Shimshal. Bí ó ṣe ń bẹ̀ mí kí n padà wọlé ló wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀."

Èmi àti bàbá rá wọ abẹ́ ọkọ̀. Etí irin tó wà lára ṣásì ti ya ní ọ̀nà mẹ́ta. Ibi tó kù tó fi so kò fẹ̀ ju ìka kan lọ. Apá tí mo ṣe wà níbẹ̀, ó dúdú, ó ń dán, kò tẹ̀ rárá. Bàbá mú ọwọ́ mi, ó fi ìka mi lé ojú ibi tó ya. Irin náà ṣì gbóná díẹ̀.

Nígbà tí a jáde, Niamat ń fi aṣọ nu ọwọ́. "Bàbá, apá yín lágbára lọ́tẹ̀ yìí o. Etí yẹn ni irin burúkú."

"Ẹ̀bi mi ni," bàbá bẹ̀rẹ̀. "Èmi ni mo..."

"Èmi ni," mo wí.

Gbogbo wọn yíjú sí mi, àwọn èrò márààrún, Mehrban, àti ẹ̀gbọ́n mi. Kò sí ìbòjú lójú mi.

"Mo ki páìpù sínú rẹ̀. Bàbá kò mọ̀. Ojú ń tì mí nítorí ẹ̀rín tí wọ́n ń fi í rín. Bó bá jẹ́ bí Bàbá ṣe ṣe é ni mo fi sílẹ̀, á ti tẹ̀, ọkọ̀ á ti máa fà, wàá sì ti dúró tipẹ́."

Niamat wò mí, ó wo ibi tí ọ̀nà ti há níwájú, ó wo odò. Ó lọ jókòó sórí òkúta, ó mú òròmọdìẹ kan nínú páálí, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì ń wò ó.

"Ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, àṣé," Ìyá Zaibun wí. "Mo ti rò pé odi ni."

A fi okùn irin di etí náà mọ́ ṣásì. Àwọn èrò wọ ọkọ̀ Mehrban, Niamat sì ń rá bọ̀ lẹ́yìn wa ní òfìfo. Oòrùn ti kúrò lórí òkè kí a tó dé Passu. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá. "Dìde," ó wí. "Ó rẹ̀ mí. Ọ̀la ni kí o tó bẹ̀ mí."

Lọ́jọ́ kejì, mo fi ayùn irin gé orí apá méjèèjì, mo fa páìpù kékeré jáde. Mo tẹ́ páìpù tuntun sórí tábìlì. Bàbá wà lórí táyà rẹ̀, ó ti pajú dé. Mo mú ẹfun.

"Níbo, Bàbá?"

"Ìwọ ni kó sọ fún mi."

Mo wọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, mo fa ìlà. Ó na ọwọ́ láìlajú, ó fi àtàǹpàkò wá ìlà náà rí. "Sún un sápá ọ̀dọ̀ táyà ní ìka kan," ó wí, oorun sì gbé e lọ níbi tó jókòó sí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jó orí kejì tán nígbà tí Mehrban yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí bàbá tó ń sùn, ó sì rọra sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Bakhtawar. Èyí tí ẹ óò ṣe fún mi ńkọ́? Ṣé bọ́tà ṣì ni?"

Mo ṣí ìbòjú kúrò lójú.

"Bọ́tà ni," mo wí.

"Ó dáa," ni ó wí, ó sì wá ibi kan jókòó sí, ó ń retí kí irin náà tutù.