Pẹ́ńsùlù Mi Nínú Fíìmù Ọlọ́pàá

Délé, ìwọ tí a jọ máa ń ṣọ́ pẹ́ńsùlù inú fíìmù, gbọ́ àlá tí mo lá lánàá. Èmi àti ìwọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Nínú fíìmù náà, ọlọ́pàá kan ń fi pẹ́ńsùlù gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu obìnrin kan. Ìwọ sọ fún mi pé, "Wo ìdí pẹ́ńsùlù yẹn, wọ́n ti rún un bíi pákò. Tìẹ ni." Tèmi ni lóòótọ́.

Obìnrin náà sọ pé, "Ọkọ mi ni wọ́n gbé lọ." Ọlọ́pàá kọ ọ́ láìfi àmì ohùn kankan sí i. Nígbà tó kà á padà, ó ní, "Ọkọ̀ yín ni wọ́n gbé lọ. Irú mọ́tò wo ni, màdáámù?"

"Ọkọ mi ni mo wí, ọ̀gá. Ó wọ bùbá aláwọ̀ ewé."

"Mọ́tò aláwọ̀ ewé," ni ọlọ́pàá wí, ó sì kọ ọ́.

Obìnrin náà wá kọjú sí mi láti inú tẹlifíṣọ̀n. "Akọ̀ròyìn, ẹ bá mi fi àmì sí i." Pẹ́ńsùlù ti wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti kán. Ìwọ ń rẹ́rìn-ín. Mo jí.

Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ṣáà lọ tú àwọn ìwé àkọsílẹ̀ mi àtijọ́. Mo bá ọ̀rọ̀ obìnrin kan níbẹ̀, pẹ́ńsùlù ni mo fi kọ ọ́: "Oko mi ni won gbe lo." Kò sí àmì lórí rẹ̀. Ìròyìn mọ́tò tí wọ́n jí ni mo gbé jáde nígbà náà, Délé, mi ò sì rántí ohùn obìnrin náà mọ́.