Àtàǹpàkò Dókítà Búsí

Láwàl gbé púlọ́ọ̀gì kan sókè síbi tí oòrùn ti ń wọlé, ó sún un mọ́ ojú, ó tún sún un sẹ́yìn, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó rí nǹkan. Irọ́ ni o. Kò rí nǹkan kan. Ọrùn funfun rẹ̀ ló rí, àti àbàwọ́n dúdú kan tó lè jẹ́ nọ́ńbà mẹ́fà, tó sì lè jẹ́ mẹ́jọ.

"Mẹ́rin ni mo fẹ́, Bàbá," ni Abdoul Aziz wí lẹ́nu ọ̀nà. "Oní mẹ́jọ ni gbogbo ẹ̀ o. Ọjọ́ Àìkú la máa sáré."

Mọ́tò eré-ìje rẹ̀ wà níta, pupa fòò. Ilẹ̀ tí bàbá ọmọ náà fi sílẹ̀ fún un ní Koulouba ló tà tó fi ra ẹnjìnì inú rẹ̀, ẹnjìnì ọ̀hún kò sì gba gbẹ̀rẹ́. Púlọ́ọ̀gì tó ní nọ́ńbà mẹ́jọ lára ni kì í jẹ́ kí ó gbóná jù. Bí èèyàn bá ṣèèṣì fi oní mẹ́fà sí i, tó wá tẹ̀ ẹ́ dé góńgó, písítìnì á yọ́ dànù, ó parí nìyẹn.

"Sinmi ariwo," ni Láwàl wí. "Jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò." Ó dijú, ó fi àtàǹpàkò ra ọrùn púlọ́ọ̀gì náà.

Ta ni kò mọ àtàǹpàkò yẹn ní ọjà Sankaryaré? Búsí ni àwọn ará Ouagadougou ń pe púlọ́ọ̀gì, wọ́n sì sọ Láwàl ní Dókítà Búsí, nítorí pé bó bá ti dijú, tó fọwọ́ pa á, á pe nọ́ńbà rẹ̀ láìṣì. Àwàdà lásán ni. Á ti yọjú wo nọ́ńbà náà kó tó dijú. Ṣùgbọ́n ojú wá ń ṣe bàìbàì, ojú ọ̀hún kò sì gbóògùn mọ́, ó wá ku àtàǹpàkò nìkan. Ọgbọ́n tó dá ni agolo mílíìkì méjì: oní mẹ́jọ lápá òsì, oní mẹ́fà lápá ọ̀tún. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀ pé ojú ti lọ, ta ni yóò tún wá ra ọjà lọ́dọ̀ rẹ̀? Wọn á dá a padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ kó lọ máa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó mú mẹ́rin lápá òsì. "Mẹ́jọ pọ́ńbélé!"

"Barka, Bàbá," ni Abdoul Aziz fi èdè ibẹ̀ dúpẹ́. Ó kó wọn sápò, ó ṣáná sí mọ́tò, páànù ṣọ́ọ̀bù ń gbọ̀n. Inú Láwàl dùn. Ó tún yege lónìí.

Hafeezah ọmọ rẹ̀, tó ń ta ọ́ìlì níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀. "Bàbá, òjò jò síbí nígbà tí ẹ wà ní mọ́ṣáláṣí. Mo kó àwọn agolo yín kúrò nínú omi, mo sì ti dá wọn padà."

"Bí mo ṣe tò wọ́n lo ṣe dá wọn padà?"

"Ṣé agolo kan náà kọ́ ni?"

Láwàl na púlọ́ọ̀gì kan sí i láti apá ọ̀tún. "Kí ni wọ́n kọ sí i?"

Hafeezah kò béèrè ìdí tí bàbá òun kò fi lè kà á fúnra rẹ̀. "Mẹ́jọ."

"Yéè, mo gbé! Bá mi pe Abdoul Aziz, kíá!"

Fóònù dún títí kí Abdoul Aziz tó gbé e. "Má fi sí i o!" Láwàl ń pariwo. "Oní mẹ́fà ni mo kó fún ẹ! Jọ̀ọ́, ọmọ mi, má fi sí i!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Mi ò ní fi wọ́n sí i."

"O ti rí i pé mẹ́fà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló wá dé tí o ò dá a padà?"

"Mo ti ra oní mẹ́jọ ní ṣọ́ọ̀bù Issa lánàá."

"Lánàá? Kí lo wá wá ṣe lọ́dọ̀ mi lónìí?"

"Mo kàn ní kí n wá kí yín ni, Bàbá."

Láwàl gbé fóònù sílẹ̀. Hafeezah ń gbá ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀. "Ìwọ náà ti mọ̀," ni Láwàl wí. Ọmọ náà gbé ìgbálẹ̀, ó padà sídìí ọ́ìlì rẹ̀ níwájú. Ẹ̀dùn ọkàn mú Láwàl débi pé kò lè bínú.

"Dókítà Búsí!" Agathe ni, ẹni tó ń gun alùpùpù wá láti Pissy. Ó fi púlọ́ọ̀gì kan sí i lọ́wọ́. "Ẹ bá mi fi àtàǹpàkò wò ó."

Láwàl wo ibi tí ojú Agathe yẹ kó wà. Kò lè mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló wà níbẹ̀ tàbí àánú. Ó dijú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò nídìí mọ́, ó fọwọ́ pa púlọ́ọ̀gì náà títí.

"Mẹ́fà," ni ó wí.

"Ẹ ṣeun gan-an, Dókítà."

Ó gbọ́ tí Agathe rọra rìn lọ bá Hafeezah níwájú, ó sì gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ fi èdè Faransé sọ fún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé mẹ́jọ ni. Láwàl ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó ń nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ aṣọ.