Àlékún Mùkáílà

Láti àárọ̀ ni àyà Mùkáílà ti ń já. Sọ́fítíwìà méjì tó ń ya àwòrán iṣẹ́ ni Rìnsọ́lá, ọmọ Adédìpẹ̀ alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, gbé wá sínú kọ̀ǹpútà fún ìdánwò, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa rà. Àlàájà Mùínàt tó ń ṣe ìpara ní Kuta ló fà á: ó ní òun ò ní gbé iṣẹ́ móòdù, irin tí wọ́n fi ń yọ ọmọrí ìgò, fún ẹni tí kò bá kọ́kọ́ fi àwòrán rẹ̀ han òun lórí fóònù.

Èyí àkọ́kọ́, ìlà lásán ló ń fà, bíi ti inú ìwé tí ọ̀gá Mùkáílà àti Adédìpẹ̀ fi kọ́ wọn níṣẹ́. Ìyẹn yé Mùkáílà díẹ̀. Èkejì ń yí ọmọrí po bí ẹni pé ó wà lọ́wọ́ èèyàn, ó sì ń fúnra rẹ̀ yọ móòdù lára rẹ̀. Eléyìí ló ń bà á lẹ́rù. Bó bá ń ṣe gbogbo ìyẹn, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi òun ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tí òun àti Adédìpẹ̀ jọ dá sílẹ̀? Kò sọ ọ́ síta. Ó kàn ń ṣọ́ ojú wọn.

Wọ́n ní kó gbẹ́ móòdù kan láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wo èyí tí ọmọrí rẹ̀ máa bá ìgò mu. Ó gbẹ́ méjèèjì lórí léètì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin. Wọ́n yọ́ ike sínú wọn, ó tutù. Ọmọrí àkọ́kọ́ dé ìgò pinpin. Èkejì ń mì lẹ́nu ìgò bíi fìlà bàbá lórí ọmọ.

Adédìpẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Rìnsọ́lá, òpùrọ́ lo gbé wálé yìí! Ẹ jẹ́ ká mú èyí àkọ́kọ́, ó parí."

Ara Mùkáílà fúyẹ́. Àmọ́ Rìnsọ́lá ò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ níwájú Mùkáílà.

"Ẹ má bínú o, Bàbá Humairah. Ike máa ń súnkì, ó máa ń kéré sí i, tó bá tutù. Mo ti fi àlékún ìyẹn sínú èkejì. Ṣé ẹ ò tún fi tiyín kún un?"

Òótọ́ ni. Gbogbo móòdù tó bá ń gbẹ́, ó máa ń gbẹ́ ẹ kọjá ìwọ̀n díẹ̀ nítorí ike. Kò tiẹ̀ ronú sí i. Bó bá ní rárá, wọ́n á gbà á gbọ́, sọ́fítíwìà kejì yẹn á sì lọ.

"Mo... mo fi kún un."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Èkejì ò jẹ̀bi, òun la ó rà nìyẹn," ni Adédìpẹ̀ wí. "Ọ̀rẹ́, ohun tó bá ti inú ẹ̀ jáde, má fọwọ́ kan ìwọ̀n ẹ̀ mọ́ o."

Ohun tó ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn. Mùkáílà fa àpótí ìjókòó sún mọ́ Rìnsọ́lá.

"Níbo ni àlékún ọ̀hún wà? Fi hàn mí."

"Ibí yìí ni, sà. Nọ́ḿbà la máa ń kọ síbẹ̀. Àbá ni mo dá nínú eléyìí. Ike tí ẹ̀yin ń lò, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló ń súnkì?"

Mùkáílà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Nọ́ḿbà rẹ̀ ni kò mọ̀ rí.

"Jẹ́ n kọ́kọ́ lọ wọ̀n ọ́n ná," ni ó wí. Ó dìde, ó sì lọ gbé móòdù àkọ́kọ́ àti ọmọrí tó ti inú rẹ̀ jáde láti wọn méjèèjì.