Òmìnira ní Gounghin

Lùkmọ́nù dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọ̀gá rẹ̀, àyà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú. Ọ̀gá Souleymane ju sípánà sílẹ̀, ó fò dìde. Ó rò pé oòrùn ló gbé e ṣubú, ó ní kí wọ́n gbé omi wá kíá.

Ojú ti Lùkmọ́nù gan-an. Ìwé ẹ̀rí tí ìjọba fún un láàárọ̀ yẹn, pé ó yege nínú ìdánwò iṣẹ́ mẹkáníìkì, wà lápò rẹ̀. Ó yẹ kínú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti wá, ìwé kọ́ ló ń tú ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀gá ni. Ọmọ iṣẹ́ á dọ̀bálẹ̀, ọ̀gá á gbọ́wọ́ lé e lórí, á wúre fún un títí, àwọn ará ṣọ́ọ̀bù á sì máa ṣe àmín; ìyẹn ni òmìnira. Ẹni tí wọn ò bá ṣe èyí fún, tó lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á ní ó sá lọ́dọ̀ ọ̀gá ni. Gbogbo ọdún tó fi ń tú ẹ́ńjìnnì tó sì ń tò ó ní àdúgbò Gounghin, nílẹ̀ àwọn Mossi, àdúrà yẹn ló ń dúró dè.

Ọ̀gá Souleymane, ọmọ Mossi pọ́ńbélé, kò mọ nǹkan kan nínú èyí. Ó fà á lápá dìde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀ dànù bíi bàbá. Lùkmọ́nù yọ ìwé náà fún un, ọ̀gá kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì fi èdè Mossi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Barka, Lùkmọ́nù. Ó ti parí. D'accord? Ṣé kò burú?"

Ó padà sídìí moto, ìyẹn alùpùpù, tó ń tún ṣe. Lùkmọ́nù fẹ́ ṣàlàyé, ó sì jáwọ́. Àdúrà téèyàn fẹnu ara rẹ̀ tọrọ, báwo ni yóò ṣe dùn? Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó jáde.

Ó forí lé ọ̀nà Pissy, àdúgbò tó wà nítòsí. Àárò ilé sọ ọ́ lọ́jọ́ náà ju ti ìgbàkígbà lọ. Lójú ọ̀nà ló ti bá obìnrin kan tó ń ta aṣọ, Fawziyyah, tí moto rẹ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Lùkmọ́nù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí rẹ̀, ó nu pọ́lọ́ọ̀gì, ó fẹsẹ̀ ta á, ó sì ṣiṣẹ́. Obìnrin náà gbọ́ bó ṣe ń dá sọ̀rọ̀, ó mọ̀ pé Yorùbá ni, inú rẹ̀ sì dùn, nítorí Yorùbá lòun náà.

"Ta ni ọ̀gá rẹ, kí n máa gbé e lọ bá a?"

Lùkmọ́nù bojú wẹ̀yìn wo ọ̀nà Gounghin.

"Mi ò ní ọ̀gá mọ́, mà. Èmi ni kí ẹ máa gbé e wá bá."

Obìnrin náà dúpẹ́, ó gun moto rẹ̀ lọ. Lùkmọ́nù dúró lẹ́bàá títì. Ó wá yé e pé ọ̀rọ̀ tóun fẹnu ara òun sọ yẹn ni òmìnira òun, àti pé kò sí òmíràn tó ń bọ̀.