Ìyípo Ìkẹyìn Orin Narcís

"Tún un ṣe, Eudald, kó tó di ọ̀sán ọ̀la." Ohun tí Ẹ̀gbọ́n Baldiri sọ lánàá nìyẹn, tó da ìwé orin mi sílẹ̀ bí ẹni ń dá ẹja tó ti ń rùn padà fún ẹlẹ́ja. "Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, orin ẹlòmíràn la máa jó lọ́jọ́ Àìkú." Ọ̀sán ọ̀hún rèé. Mi ò sì tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Kí ni mo fẹ́ tún ṣe? Kò sí àṣìṣe níbẹ̀... kò sí.

Sardana ni, ijó àwa ará Catalonia, mo gbà. A ó di ara wa lọ́wọ́ mú, a ó pa agbo, ẹnì kan á máa ka ìṣísẹ̀ sínú. Bó bá ti ka ìyípo àkọ́kọ́ tán, ó ti mọ iye tí ìyókù máa jẹ́. Baldiri ló ń kà fún wa ní Mẹ́síkò yìí láti ọdún mẹ́rìnlá, kò ṣì í rí. Èmi wá fi ìṣísẹ̀ méjì gé ìyípo ìkẹyìn kúrú. Nígbà tí a fi dánra wò lánàá, orin dákẹ́ wìì — gbogbo àgbààgbà Catalonia, ẹsẹ̀ kan lókè! Díẹ̀ ló kù kí Ìyá Quitèria ṣubú. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín?

Mo ní ọ̀nà tuntun ni. Ohun tí mo ti ń sọ láti Barcelona náà nìyẹn, nígbà tí wọ́n ń pòṣé sí orin mi. Narcís nìkan ni kì í pòṣé. Narcís àbúrò mi, tó ń fọn tenora, fèrè onígi gígùn yẹn, tí àwọn tó ń kọjá lọ á fi dúró... "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ èyí tí Màámi lè jó ná." Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tó ti kú. Òun ni mo kọ èyí fún. Bí wọn ò bá jó o lọ́jọ́ Àìkú, ta ló tún máa dárúkọ rẹ̀?

Ayé rẹ̀ gé kúrú, orin rẹ̀ gé kúrú. Ṣebí ó bára mu?

Irọ́ ni, jàre. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo gbìyànjú lánàá. Ìṣísẹ̀ méjì péré, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè kọ ọ́. Tí mo bá ti dé ibẹ̀, ọwọ́ mi á kọ̀. "Bàbá Laia, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́," Remei ìyàwó mi wí láàárọ̀, ó gbé búrẹ́dì tó fi tòmátì ra lójú kalẹ̀. Àbí ó mọ nǹkan kan ni? Mi ò sọ fún un rí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Iyanrìn etíkun ilẹ̀ Faransé yẹn, níbi tí wọ́n sé àwa tó sá fún ogun mọ́... wáyà ẹlẹ́gùn-ún, òtútù, ibà Narcís. Wọ́n pe àwọn tó ń wọkọ̀ ojú omi lọ. Wọ́n pè mí. Wọn ò pè é. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara rẹ̀ dìde, ó ń mí gúlegúle, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí mi. "Ẹ máa lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn yín."

Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi kì í fẹ́ dé. Ọ̀nà tuntun kọ́... ọ̀nà tuntun wo? Mo wo ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo rí i pé kò ní kúrò lórí iyanrìn yẹn. Mo rí i kedere. Mo sì dá a lóhùn pé, "Ó dáa, má pẹ́ o."