Iṣẹ́ Tí Wọ́ọ̀dù Rán Aránṣọ

"Ẹ̀yin tí ẹ bá fara mọ́ ọn, ẹ wí pé bẹ́ẹ̀ ni!"

Gbọ̀ngàn àpérò ẹgbẹ́ òṣèlú náà hó yèè. Ṣùgbọ́n aránṣọ tó jókòó ní ìlà kẹta kò lanu. Ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ jiyàn láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, kí wọ́n tó fẹnu kò pé dókítà obìnrin kan ni àwọn fẹ́ kó díje fún ipò ààrẹ lórúkọ ẹgbẹ́. Aránṣọ ni wọ́n rán pé kó lọ bá wọn dìbò náà. Àfi bí alága ṣe dé tó ní kò sí ìbò mọ́, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti mú gómìnà àná, kí àwọn aṣojú kàn fara mọ́ ọn.

Aránṣọ dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ìbò la wá dì."

Gbogbo ojú yí sí i. Alága yìí ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Òun ló tọ́ ọkọ rẹ̀ dàgbà, òun náà ló fi orúkọ aránṣọ sára àwọn aṣojú. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle wá bá a, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyàwó wa, ṣé o fẹ́ dójú tì mí láwùjọ ni?"

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá. Nílé, bí ẹ bá ní kí n kúnlẹ̀, màá kúnlẹ̀, màá tún bi yín bóyá ó tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù..."

Kò parí òwe náà. Alága mọ ìyókù.

Bàbá arúgbó kan dìde lẹ́yìn. "Òótọ́ lọmọ yìí sọ!" Ẹlòmíì dìde, òmíràn tún dìde. Nígbà tí ìdajì gbọ̀ngàn wà lórí ìdúró, alága nu ojú, ó ní kí wọ́n gbé àpótí ìbò jáde.

Gómìnà àná ló wọlé. Ìbò dókítà kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin tirẹ̀. Àwọn kan fi aránṣọ rẹ́rìn-ín: "Gbogbo ariwo náà, òfo ló já sí!"

Ọkọ̀ alága ló gbé e lọ sílé. Alága jókòó tì í, ó yíjú sí i.

"Àwọn àgbà ò ní jẹ́ kí n tún fi orúkọ rẹ sílẹ̀ mọ́."

"Mo mọ̀, sà."

"Kí lo máa wá sọ fún wọn ní wọ́ọ̀dù?"

"Pé a dìbò, sà. Pé a fìdí rẹmi."

Alága ń wo ọ̀nà.

"Sọ fún wọn pé èmi fúnra mi ni mo ka ìbò tiwọn."