Kókó Tó Fi Ìrù Pamọ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè bú ara mi kí ẹlòmíì tó bá mi bú u: amí ni mí. Amí arúgbó, onídìí ńlá, tí kò lè kọjá láàárín àga méjì kí àga má pariwo. Ọmọ bíbí inú mi ló fi mí ṣe amí, èmi náà sì gbà, mo tún ń yan bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Bí ẹ bá ń wá òmùgọ̀ tó hu ewú tó sì tún wọ yunifásítì, ẹ má wá a jìnnà.

Iṣẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì ni mo fi tọ́ ọmọ mi. Mátírẹ́ẹ̀sì òwú ni o, èyí tá a fi ọwọ́ rán. Wàá ki òwú sínú àpò rẹ̀, wàá fi abẹ́rẹ́ gígùn gún un láti òkè já sí ìsàlẹ̀, wàá wá so okùn rẹ̀ ní kókó káàkiri, kí òwú má bàa ṣí lọ kó ara jọ sí igun kan bí ìyàwó tó ń bínú. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo fa ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ mi lọ́wọ́. Òun ò fẹ́ abẹ́rẹ́. Ó ra ẹ̀rọ tó ń gé fóòmù, ó gba òṣìṣẹ́, ó kọ orúkọ gàdàgbà síwájú ilé, ṣọ́ọ̀bù mi di ilé iṣẹ́. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Láti ìgbà tí ìyẹn ti ń rákòrò ló ti ń pè é ní Ọ̀gá Kékeré, torí òun ni yóò jókòó sórí àga bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Bí ọmọ ṣe parí ilé ìwé girama báyìí, bàbá ní yunifásítì ló kàn, ẹ̀kọ́ ìṣàkóso ilé iṣẹ́ ni yóò sì kọ́.

Ọ̀gá Kékeré wo bàbá rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ó dáa. Bí Màmá Àgbà bá ń lọ, èmi náà á lọ."

Bí ìgbà téèyàn sọ pé òun á san gbèsè lọ́jọ́ tí adìyẹ bá hu eyín ni. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ mi fà mí wọ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn.

"Màmá, yunifásítì yẹn ń gba àgbàlagbà. Ẹ bá a lọ. Ẹ kàn máa bá mi ṣọ́ ọ ni. Ọmọ yẹn ò fẹ́ràn ìwé yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà níta. Bó bá ti fẹ́ gbé èkejì, ẹ pè mí."

"Èmi tí mo máa ń wá gíláàsì mi káàkiri nígbà tó wà lójú mi?"

"Ẹ óò gboyè, Màmá. Ẹ óò dé fìlà onígun mẹ́rin yẹn."

Ó tán. Ó mọ ibi tó ti ń yún mi, ibẹ̀ gan-an ló họ. Mo ti rí ara mi nínú fìlà yẹn kí n tó jáde ní ilé ìdáná. Nígbà tí mo sọ fún ọmọ pé mò ń bọ̀, ó dì mọ́ mi, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, "Màmá Àgbà, nítorí mi?" Mo ní, "Nítorí rẹ ni, ọkọ mi." Ètè mi ò tiẹ̀ gbọ̀n.

A gba yàrá kan nítòsí ilé ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀dì méjì, tábìlì kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo jókòó sínú àga kan tí wọ́n kan tábìlì rẹ̀ mọ́ ọn lára. Wíwọlé rọrùn. Jíjáde di ọ̀rọ̀ ìlú. Ọmọkùnrin méjì ló fà mí lápá, ẹnì kan di àga mú, gbogbo kíláàsì ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé aboyún ló ń rọbí. Èmi náà pàtẹ́wọ́ fún ara mi nígbà tí mo jáde. Olùkọ́ wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì pinnu bóyá òun á hù tàbí òun á padà. Ó ń kọ́ wa bí a ṣe ń mú orí òṣìṣẹ́ wú. Orí tèmi ò wú, ńṣe ló sùn. Mo hanrun débi pé ìró rẹ̀ jí mi, mo wá yíjú sẹ́yìn, mo ní, "Ta lẹni burúkú tó ń hanrun yẹn?"

Ká sọ òótọ́, ẹ̀kọ́ náà tẹ́ lẹ́nu mi bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Èmi lè rẹ́rìn-ín sí i. Ọ̀gá Kékeré ò lè rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó máa ń kọrin bó bá ń fọ àwo bẹ̀rẹ̀ sí í rọ bí ewé tí oòrùn pa. Lọ́dún kejì, a jókòó lórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn ilé ìkàwé, ó gbé orí lé èjìká mi.

"Màmá Àgbà, mi ò lè ṣe é mọ́. Bí mo bá wà nínú kíláàsì yẹn, ńṣe ló ń ṣe mí bí ẹni tí wọ́n ki sínú àpò tí wọ́n wá rán ẹnu rẹ̀ pa. Mò ń rò ó láti fi sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún Dádì. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná. Mo tún ní nǹkan kan tí mo fẹ́ bi yín, tó bá yá."

Mo lu àyà mi. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ tó bá wọ inú mi, kànga ló kó sí."

Kànga tí omi rẹ̀ wà létí! Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti pe bàbá rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, àti àpò àti ìránpa, mo tún fi ohùn ọmọ náà sọ ọ́ kó lè dùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù Ọ̀gá Kékeré dún níbi tá a ti ń mu tíì. Ohùn bàbá rẹ̀ gba inú rẹ̀ jáde títí dé ọ̀dọ̀ mi: "Ta ló ki ìwọ sínú àpò? Ta ló rán an pa?"

Ọmọ gbé ojú sókè, ó wò mí. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá gíláàsì mi lábẹ́ tábìlì, gíláàsì tó wà lójú mi. Ó gbọ́ ti bàbá rẹ̀ tán, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì fi ṣúgà sí tíì mi, ó rò ó. Mo yin ara mi nínú pé ó ti gbàgbé.

Kò pẹ́ sí i, ó ní a ti pọ̀ jù nínú kíláàsì, wọ́n ti pín wa, òun ti bọ́ sí ẹgbẹ́ ọ̀sán. Èmi ń lọ láàárọ̀. Bí mo bá ti ń bọ̀, òun ń gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ń jáde. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mò ń fún bàbá rẹ̀ lábọ̀: "Ó ń lọ. Ọmọ rẹ ń lọ dáadáa." Ojú ọmọ náà tiẹ̀ tún ń dán sí i. Orin abọ́ fífọ̀ ti padà dé. Mo ní iṣẹ́ ìṣọ́ mi ló so èso.

Báyìí la ṣe wọ ọdún kẹta, tó ku ọ̀la kí wọ́n ti ìforúkọsílẹ̀. Ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀, àyè rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Mò ń bọ̀ láti kíláàsì, mo sì gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Orogún kọjá. Orogún ni mo ń pè é, kì í ṣe pé a jọ fẹ́ ọkọ kan, oníbàárà la jọ ń fẹ́. Mátírẹ́ẹ̀sì lòun náà ń rán, láti ìgbà tá a ti wà lọ́dọ̀ọ́. Ó máa ń tẹ́ ọ̀kan síta lórí bẹ́ńṣì fún àwọn tó ń kọjá. Àṣà mi ni pé bí mo bá dé ibẹ̀, màá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, màá pòṣé kí ó gbọ́, màá kọjá lọ.

Lọ́jọ́ yẹn mo tẹ̀ ẹ́, ìka mi bá kókó kan pàdé. Òṣé kú sí mi lẹ́nu.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi ní kókó yẹn. Wàá yí okùn po lẹ́ẹ̀mejì, wàá fà á sí òsì, wàá wá ti ìrù okùn náà bọ abẹ́ ara rẹ̀ kó má bàa máa họ ẹni tó bá sùn lé e lẹ́yìn. O ò ní í rí ìrù yẹn títí mátírẹ́ẹ̀sì á fi gbó. Ìyá ọkọ mi ní n ò gbọdọ̀ fi han ẹnikẹ́ni àfi ẹ̀jẹ̀ mi. Orogún fi ẹ̀rín bẹ̀ mí nítorí rẹ̀, ó fi èébú bẹ̀ mí, mo kọ̀. Ọmọ mi ọkùnrin kò bèèrè. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo kọ́, nígbà tó ṣì ń jókòó lé mi lẹ́sẹ̀ tí ìka rẹ̀ ò tíì ju ẹ̀pà lọ.

Ẹ wá wo orí mi bó ṣe pé tó. Mi ò rántí ọmọ yẹn rárá. Ohun tí mo rò ni pé Orogún ra mátírẹ́ẹ̀sì mi àtijọ́, ó tú u wò. Mo so aṣọ ìdí mi le, mo wọlé.

"Olè! Olè kókó!"

Orogún ń tú òwú, ó gbójú sókè, ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà, ẹ̀gbọ́n mi alákọ̀wé! Ṣé wọ́n ti lé yín jáde ni?"

"Ta ló kọ́ ẹ ní kókó tó wà níta yẹn?"

"Kókó wo? Èmi ò mọ̀ ọ́n so títí di òní. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń so ó, kò sì jẹ́ kí n rí ọwọ́ òun. Bó bá ti dé ibi kókó, á kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo ti yọjú títí, ọrùn fẹ́ẹ̀ kán mi."

Báàgì kan wà lára ìṣó lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ báàgì yẹn. Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ nígbà tó ya. Mo ṣí aṣọ ìkélé tó wà lẹ́yìn báàgì, Ọ̀gá Kékeré nìyẹn lórí ìjókòó kékeré, abẹ́rẹ́ gígùn lọ́wọ́, òwú nínú irun.

"Ẹgbẹ́ ọ̀sán ńkọ́?"

"Ibí ni ẹgbẹ́ ọ̀sán, Màmá Àgbà."

Èmi tí mo ń fi gbogbo nǹkan ṣe ẹ̀rín, mo wá ẹ̀rín tì.

"Nínú gbogbo ayé, ọ̀dọ̀ obìnrin yìí lo wá! Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ló wù ẹ́, ṣé mo ti kú ni? Ọwọ́ mi yìí kọ́ ló kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ sí ẹ lọ́wọ́? O ò lè bi mí?"

"Mo fẹ́ bi yín. Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyẹn, lọ́jọ́ tá a wà lórí bẹ́ńṣì." Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá dùn mọ́ mi. "Bí mo bá ní kẹ́ ẹ kọ́ mi, kí n tó ki okùn bọ ojú abẹ́rẹ́, Dádì á ti gbọ́. Láti ìgbà wo lẹ ti ń bá wọn ṣọ́ mi?"

"Láti... láti ilé ìdáná, lálẹ́ ọjọ́ tí bàbá rẹ ní kí n bá ẹ lọ."

"Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ tí mo dì mọ́ yín."

Orogún ti ìjókòó kan sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó níbi tí wọ́n ti jí ọmọ mi."

"Èmi ò jí ọmọ ẹnikẹ́ni o. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá ni. Mo tiẹ̀ ní kó lọ bá yín, ó ní òun ò lè bá yín."

Ibẹ̀ ni fóònù mi ti dún. Ta ni ì bá jẹ́? "Màmá, ṣé ó ti forúkọ sílẹ̀? Ọ̀la ni wọ́n ń tì í o!" Ohùn rẹ̀ kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Mo wo ọmọ. Mo rò pé yóò fi ojú bẹ̀ mí, mo tiẹ̀ ń retí rẹ̀, kí n lè ṣe é lóore. Kò bẹ̀ mí. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó dé ibi kókó, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi.

Sí mi! Èmi tí mo ni kókó!

Mo na fóònù sí i lórí èjìká. "Gbà. Sọ ọ́ fún un fúnra rẹ."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó gbà á. "Dádì, mi ò forúkọ sílẹ̀. Mi ò sì ní í forúkọ sílẹ̀ lọ́la. Mátírẹ́ẹ̀sì ni mò ń rán... Rárá, Màmá Àgbà ò mọ̀. Irọ́ ni mo pa fún wọn." Ó gbọ́ títí, ìka rẹ̀ ń yí okùn po. Ó wá dá fóònù padà fún mi. "Wọ́n fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

"Màmá! Ẹ̀yin tí mo fọkàn tán! Kí lẹ wá ń ṣe níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí?"

Mo ní, "Oorun ni, ọmọ mi." Ó pa fóònù mọ́ mi létí.

Mo gbé àpò ìwé mi. Mo jáde. Níta, mo tún fọwọ́ tẹ mátírẹ́ẹ̀sì yẹn. Kókó náà le, ó jókòó dáadáa, mo fi èékánná wá ìrù rẹ̀ títí, mi ò rí i. Ó dùn mí pé ó dáa.

Ọmọ tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà. Òwú ṣì wà nínú irun rẹ̀. Mo na ọwọ́ kí n bá a yọ ọ́, ó yẹ orí sẹ́yìn díẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́.

"Ẹ rọra máa lọ," ó wí. "Màmá Àgbà, lọ́la, tẹ́ ẹ bá jókòó sínú kíláàsì yẹn, ta lẹ óò máa ṣọ́?"